Re-mí ni Iṣẹ́, Dò-mí ni Ìṣẹ́

Bí o bá ń sáré bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní Rye Lane, tí o ń ju ọwọ́ sókè, tí iṣu inú àpò ń gbá ọ lójúgun, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú bó bá jẹ́ Àsúmáù ló wà nídìí bọ́ọ̀sì yẹn. Ilẹ̀kùn ti pa dé. Yóò wò ọ́ nínú díńgí, yóò sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn títí, ó ti sú wọn. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sáré," ló máa ń wí, "àwọn tó ti jókòó kún òkè kún ìsàlẹ̀. Ta ni kí n dá dúró torí ta ni?" Ìṣirò tó péye ni. N kò tíì rí ẹni tó já a ní koro, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ló ti dúró sẹ́bàá títì bú u.

Àsúmáù kì í ṣe èèyàn tí à ń fẹ́ràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì náà kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yìí, ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíì ló ń gbá ní àdúgbò Elephant kí àwọn tó ni tábìlì tó jí. Ó wo bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, ó ní, awakọ̀ yìí jókòó, èmi dúró. Òun wà níbi tó móoru, èmi ni mò ń gbọ̀n níbùdókọ̀. Kí ló mọ̀ tí èmi kò lè mọ̀? Ó lọ kọ́ ọ. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó ní olùdánwò ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ó padà lọ, ó yege. Láti ọjọ́ náà, pẹ̀lú híjáàbù dúdú àti kóòtù iṣẹ́, ó ń wakọ̀ láti Peckham gba Camberwell dé Elephant, ó ń fi èdè tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ kò gbọ́ sọ fún wọn irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

"Wò ó, olórí bí agbọ̀n tó yíwọ́! Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o jáde?"

Ọkọ rẹ̀, Sàká, ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ tóóró kan ní Rye Lane, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó ti bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Nusaybah, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, tó sì ń ta gìtá nílé ìwé. Kì í ṣe gìtá kékeré tí wọ́n fi ń kọrin ìfẹ́ o. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni, èyí tó máa ń mú kí àwo gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Nídìí gìtá yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àsúmáù ti rí ọkùnrin kan rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó gbá gìtá rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi fọ́ yángá.

"Ẹni tó ń fọ́ irinṣẹ́ ara rẹ̀ lójú àwọn tó sanwó wá wò ó," ó ní, "ṣé èèyàn gidi nìyẹn? Ṣé èmi lè fi bọ́ọ̀sì gbá ògiri kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi?"

"Mummy, nobody's smashing anything. Bass ni mò ń ta."

"Bó jẹ́ bass, bó jẹ́ básíà, kó má ṣe dé yàrá tí mo ti ń kírun."

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn èyí tí Boaz fi dé. Ọmọ Yorùbá ni Boaz, ṣùgbọ́n Lewisham, nílùú yìí kan náà, ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tó dá a lójú kò kọjá kí ó kí àgbà, kí ó sì béèrè oúnjẹ. Fíìmù ló ń ṣe, fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ wò. Nínú rẹ̀, olórí ilé ìwé kan tó kórìíra ariwo fòfin de ohun èlò orin gbogbo. Àwọn ọmọ wá lọ dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ tó ń mú ilé ìwé móoru. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, olórí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló ń lu ìlù wọn. Ilé ìwé Nusaybah ni wọ́n ti ya á nígbà ọlidé. Ọmọ Àsúmáù ni wọ́n mú pé kó ta gìtá, kó sì kọ orin tí gbogbo fíìmù náà rọ̀ mọ́.

Àsúmáù fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ náà kò bá lọ ya fíìmù, yóò sùn sórí àga pẹ̀lú fóònù títí ọlidé yóò fi parí, òun yóò sì máa bú u ní gbogbo ìgbà tí òun bá dé láti ibi iṣẹ́. Èyí yóò dín wàhálà kù.

Boaz ní kí Nusaybah fi èdè ilé wọn kọ orin kan nípa ìyá rẹ̀. Ọmọ náà jókòó, ó ronú sí ìyá tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń dé ilé wá dáná, tó ń fọ aṣọ, tó tún ń gba iṣẹ́ ẹlòmíì kún tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: *Iṣẹ́ ìyá mi kì í tán.* Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Oríkì ni, ní ìwọ̀n ibi tí Yorùbá ọmọ Peckham lè dé.

Ohùn orin ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣe ohùn náà kí ọ̀rọ̀ tó wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ti ń ṣe. Gìtá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, ó wá fò sókè fíò. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e sẹ́nu. Iṣẹ́ tí à ń ṣe, re-mí ni. Bí ẹ bá ti fi dò-mí pè é, kì í ṣe iṣẹ́ mọ́. Ìṣẹ́ ni, ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ tálákà.

Wọ́n pe àwọn òbí sí gbọ̀ngàn ilé ìwé pé kí wọ́n wá kọ́kọ́ wo fíìmù náà kó tó jáde síta. Àsúmáù jókòó sí àárín. Ẹni tó jókòó tì í ni Aunty Morónkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ ń gbé ilé alájà kan náà, tí wọ́n sì ti ń bára wọn ṣọ̀tá láti ìgbà tí ọ̀kan ti sọ pé èkejì ń gbé ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà òun. Iná kú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Kódà Sàká rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá kan orin, Nusaybah jáde lójú aṣọ fíìmù, gìtá kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn ọmọ yòókù ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ó ya ẹnu, ó ké e tagbáratagbára:

*Ìṣẹ́ ìyá mi kì í tán!*
*Ìṣẹ́ ìyá mi kì í tán!*

Àwọn òyìnbó ń mi orí. Àwọn ọmọ Jamaica ń mi orí. Àwọn Yorùbá wo ojú ara wọn ná, bí ẹni tó ń wò ó bóyá etí òun ló ń tan òun. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn, ó wá ràn bí iná inú ọyẹ́. Ọmọ dúró níwájú gbogbo ayé, ó ń gbàdúrà pé kí òṣì má ṣe kúrò lára ìyá òun, ó sì ń fi gìtá gbè é lẹ́sẹ̀.

Aunty Morónkẹ́ rín tirẹ̀ tán, ó fọwọ́ kan Àsúmáù léjìká jẹ́jẹ́.

"Ìyá Nusaybah, ó mà ṣe o. Ẹ ò tilẹ̀ sọ fún wa pé nǹkan le tó báyìí."

"Aunty, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lára mi."

"Mo kàn ń bá yín kẹ́dùn ni. Ìjọ wa máa ń pín oúnjẹ ní Thursday. Wọn kì í béèrè bóyá mùsùlùmí lẹ jẹ́."

"Ẹ lọ gbà á. Ẹ̀yin lẹ jọ ẹni tí ebi ń pa láti òkè dé ilẹ̀."

Wọn kò rí ìparí fíìmù náà. Àsúmáù ti fa ọkọ rẹ̀ dìde.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, orin náà ti dé Rye Lane ṣáájú fíìmù. Ọkùnrin kan tó ń ta iṣu wọ bọ́ọ̀sì Àsúmáù, ó fi káàdì kan ẹ̀rọ, ó wò ó lójú, ó sì ń fi ẹnu fọn dò-mí, dò-mí lọ sókè. Obìnrin méjì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí bi í pẹ̀lú ojú àánú pé ṣé ara ilé le. Ẹ má ṣe gbàgbé pé obìnrin yìí kò tọrọ iyọ̀ rí lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí iyọ̀ bá tán, ọbẹ̀ àtẹ́ ni wọn óò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọhùn. Ohun tó ti ń kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń gbá ọ́fíìsì ní Elephant, orin kan ṣoṣo fẹ́ wó o.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba ilé iṣẹ́ Boaz lọ ní Old Kent Road, inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí ṣọ́ọ̀ṣì gba ìdajì rẹ̀, tí àwọn tó ń fọ mọ́tò gba iwájú rẹ̀. Ó gba inú omi ọṣẹ kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàsán, Aunty," ni Boaz wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ àbọ̀.

"Dìde. Pa orin yẹn rẹ́."

"Aunty, èwo ni mo ṣe?"

"O mú ọmọ mi kó máa fi mí ṣépè."

Boaz ní kó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé. Boaz ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọmọkùnrin náà tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ eku lábẹ́ pákó, ó wá ní, "Aunty, I swear, méjèèjì, ìkan náà ni wọ́n ní etí mi."

"Ṣé etí nìyẹn, àbí ibi tí wọ́n ń gbé gíláàsì ojú kọ́?"

Boaz gbà á mọ́ra. N óò sọ òótọ́ nípa rẹ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú, oníṣòwò ni. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá là á fún un bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ohùn orin náà kò lè yí padà, nítorí òun ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù, òun ló wà lábẹ́ eré sísá, òun ló parí rẹ̀. Láti tú u, bí ẹni wó ilé torí fèrèsé ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n lè pààrọ̀. Lọ́la, Sátidé, àwọn ọmọ ń bọ̀ wá ṣe àtúnṣe ìkẹyìn. Lẹ́yìn ọ̀la, fíìmù ti lọ. Kí Aunty bá wọn wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá ohùn náà mu.

"Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Tí ẹ̀yin ò bá gbà á, a máa yọ orin ẹnu. Tí a bá yọ orin…" Ó ń họ orí. "Nusaybah máa bá a lọ. Inú orin ló wà. Ọmọbìnrin kan wà ní Camberwell, á wá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ ọ́ dípò."

"Yọ ọ́."

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná."

"Mo ní kí o yọ ọ́. Ọmọ Camberwell lè fi ìyá tirẹ̀ ṣépè."

Boaz ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ náà kí ìyá tó dé ilé. Nusaybah dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di apá méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"You told them to cut me?"

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ gbé ìkòkò kaná."

"Ọdún kan, Mummy! Ọdún kan ni mo fi kọ́ bass yẹn!"

Sàká, tó ń tú fóònù kan lórí tábìlì, gbé orí sókè. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀. Ó ní, "Làálàá ńkọ́? Làálàá ìyá mi kì í tán."

"Làálàá kì í tán?" Àsúmáù yí sí i. "Àdúrà wo nìyẹn? Kí n máa ṣe làálàá lọ títí n óò fi wọ sàréè? Pẹ́ńṣọ̀n mi ńkọ́? Ta ni yóò jẹ ẹ́, ìwọ àti ìyàwó tuntun?"

Sàká padà sídìí fóònù rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún dán an wò. "Ẹ̀rín. Dò-mí ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín ìyá mi kì í tán."

Ìyá àti ọmọ wò ó. Ìgbà kan ṣoṣo tí ìṣọ̀kan wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

"Dad," Nusaybah wí, "wọ́n máa rò pé different mum ni."

"Ẹ fi sílẹ̀," Àsúmáù wí. "Fíìmù ti tán. Gbé gìtá yẹn kúrò ní ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má ṣe kọ́ èèyàn. Wo bí ìwọ náà ṣe dúró bí òpó iná tí council gbàgbé."

Ọmọ náà bú jáde wàyí.

"Nítorí Aunty Morónkẹ́ rẹ́rìn-ín! Nítorí ẹ̀rín ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́! Orin dáadáa ni mo kọ fún yín, mo kọ ọ́ with my chest, ẹ ò tiẹ̀ ní thank you. Mo jẹun, èébú. Mo sùn, èébú. Mo wọ inú fíìmù, èébú! Èébú yín kì í tán! Kì í tán! Èébú yín kì í tán!"

Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ máa ń tẹ ohùn Yorùbá mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá gorí ìgò, ìbínú ti bá a tún un ṣe. Ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àyè rẹ̀, ó dá ṣáká bí ti ẹni tí wọ́n bí sí Ìsẹ́yìn.

Sàká fi ẹ̀yìn irin tó fi ń tú fóònù kan tábìlì, kò, kó, kó. Ó ń kùn lábẹ́ imú. "Èébú, dò-mí-mí," ó ní, láìgbé ojú sókè. "Ó wọ inú orin."

"Ta ló bi ọ́?" Àsúmáù wí. Ṣùgbọ́n ó ti gbé e sẹ́nu ara rẹ̀ wò, ètè rẹ̀ ń mì. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀.

Ọ̀ràn ti yí padà. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́, irọ́ ni, irọ́ tó tún ń ṣẹ bí èpè. Èyí kì í ṣe irọ́. Gbogbo awakọ̀ láti Peckham dé Elephant lè búra sí i. Síbẹ̀, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n gbé òótọ́ bẹ́ẹ̀ sójú aṣọ fíìmù, kí àwọn ọmọ ìlú mìíràn máa jó sí i?

"Wọ́n á ní èmi ni wọ́n ń bú," ó wí. "Èébú ìyá mi. Wọ́n á ní èébú tí wọ́n ń bú ìyá rẹ̀ ni kì í tán."

Nusaybah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bú yín? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Kò fi ṣe ìpọ́nlé. Ó bi í bí ẹni tó ń béèrè pé ta ló lè fi ọwọ́ lásán dá bọ́ọ̀sì dúró. Àsúmáù tún gbé ìkòkò kaná.

"Aago mélòó lọ́la?" ó bi í.

Ọ̀sán Sátidé, gbogbo wọn pé sí Old Kent Road. Nusaybah wà nínú yàrá onígíláàsì, ẹ̀rọ létí, gìtá lọ́rùn. Boaz jókòó sídìí bọ́tìnì. Àsúmáù dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù iṣẹ́, torí yóò ti ibẹ̀ lọ wakọ̀. Wọ́n tan orin. Nusaybah kọ ọ́. Ó rọ̀ jù. Èébú di nǹkan mìíràn, ohùn rẹ̀ wọ́lẹ̀ láàárín bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú ọmọ náà ti dùn, wọ́n ti dá a padà sínú fíìmù, inú dídùn sì ti ba Yorùbá rẹ̀ jẹ́.

"Aunty, ó dáa báyẹn?" Boaz béèrè.

"Kò dáa. Ewúrẹ́ ló ń ké yẹn."

"Àkókò ń lọ, Aunty. Ẹgbẹ́ mìíràn ti ń dúró níta. Tí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, a máa ní láti…"

"Bọ́tìnì wo ni mo máa tẹ̀ kó lè gbọ́ mi?"

Boaz fi hàn án. Àsúmáù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì fi ọwọ́ kúrò.

"Nusaybah. Ṣé ohun tí o jí mi lójú oorun fún nìyí? Ọdún kan lo ní o fi kọ́ gìtá. Kí lo fi kọ́ ọ, ọrùn ọwọ́? Ọmọ Camberwell yẹn ti wà nínú bọ́ọ̀sì báyìí, ó ń bọ̀ wá gba àyè rẹ, orí rẹ̀ sì pé. Wo bí o ṣe dúró. Òpó tí kò tan iná. Bí bàbá rẹ bá ń tún fóònù ṣe bí o ṣe ń kọrin, ebi ìbá ti pa wá. Aunty Morónkẹ́ á fẹ́ gbọ́ eléyìí, á rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi náà á sì bá a rín in…"

Boaz na ọwọ́ láti dá a dúró. Ó wo ojú ọmọ náà lẹ́yìn gíláàsì, ó yí ọwọ́ padà, ó tan orin sí i.

Nusaybah kò dúró de kí gìtá fà á wọlé. Ó ń wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ké e bí ẹni tó fẹ́ fọ́ gíláàsì:

*Èébú ìyá mi kì í tán!*

Dò-mí-mí. Ó mú bí abẹ. Ó kọ ọ́ dé òpin láìmí kanlẹ̀, ó já ẹ̀rọ kúrò létí, ó jáde.

"Mummy, that was bare out of order."

"Ó wọlé, àbí kò wọlé?"

Boaz gbé àtàǹpàkò sókè. Ó wọlé.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ sí mi níwájú èèyàn mọ́."

"Ìwọ náà má ṣe kọrin bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn mọ́." Àsúmáù ń de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní *èébú* tó dá ṣáká báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"O ò jẹ́ dúpẹ́."

Nusaybah kò dúpẹ́. Ó ń kó gìtá sínú àpò rẹ̀, ó ń fa síìpù náà bí ẹni pé síìpù ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ti dé ìdajì àgbàlá, ó ń sọ fún ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò pé kó darí omi rẹ̀ síbòmíràn, àbí ojú ń dùn ún ni.